Wọ́n ní ẹnu mi ni, kámẹ́rà fi nǹkan míì hàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti ń ka ìrírí àwọn tí iṣẹ́ abẹ ìsanra wọn kò yọrí sí rere, ó sì ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ sí gbogbo yín: pé ẹ kò kó ẹnu yín níjàánu. Ohun tí wọ́n sọ sí èmi náà nìyẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí.

Sleeve ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi, ní Èkó. Wọ́n gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù, èyí tó kù wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fọn dáadáa. Nígbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà, omi kíkan sì ń ru gòkè wá sí ọ̀fun mi lóru. N kò lè sùn gbalaja mọ́, ìrọ̀rí ni mò ń tò sẹ́yìn, màá fara tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, bí mo bá fi omi tútù mu ún, kíá ni àyà mi á ti máa jó mi.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, bùbá léèsì tí mo rán nígbà tí mo fọn ni mo wọ̀. Télọ̀ ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè gbà mí, ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ sì hàn ketekete. Àǹtí mi kan fọwọ́ kàn án láàárín èrò, ó ní, "Owó ńlá yẹn, ẹnu lo sì fi bà á jẹ́." Àgbà ni, mo kúnlẹ̀ kí i, n kò fèsì. Ó dùn mí wọra.

Dókítà kejì bi mí nípa oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá mi lẹ́jọ́. Ó ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun mi wọlé. Ọ̀nà ọ̀fun ti bó, apá kan àpòlúkù sì ti yọ́ gòkè sínú àyà. Ó ṣàlàyé pé sleeve máa ń fa irú rẹ̀ fún àwọn kan, torí àpò tóóró náà ń ti oje kíkan sókè. Kì í ṣe ìwà wọ̀bìà, ẹ jọ̀ọ́!

Bypass ló ní yóò bá a mu: kí wọ́n ṣẹ́ àpò kékeré kù lókè, kí wọ́n so ìfun mọ́ ọn. Kò tàn mí. Ó ní iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí àpá inú máa ń mú kí ẹran ara lẹ̀ mọ́ra, ojú ibi tí wọ́n rán sì lè jò ju ti tẹ́lẹ̀. Ara kì í sì í sábà fọn tó ti àkọ́kọ́.

Mo gbà. Omi ọbẹ̀ ló ṣáájú, ẹyin àti ẹja lílọ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè oúnjẹ rírọ̀, màmá mi se ìkòkorẹ́ tí kò lata, ó jókòó tì mí, ó ń wo ọ̀fun mi bí mo ti ń fi ṣíbí tíì gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Ó wọlé, ó sì dúró. Mo ti ń sùn gbalaja báyìí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gé yín láìkọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo inú. Bí ó bá jẹ́ bypass, fítámì B12, áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù di lílò títí ayé, ẹ sì sọ fún oníkẹ́míìsì yín pé kó má ta oògùn ara ríro ibuprofen fún yín, torí ó lè dá ọgbẹ́ síbi tí wọ́n ti so ìfun. Àbúrò mi ará Ìkẹ́nnẹ́ tó béèrè nípa oyún: ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ ni àwọn dókítà sábà máa ń ní ká fi dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ká tó lóyún, kí o sì jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.