Màámi ò rí áàpù báǹkì lórí fóònù wọn mọ́, ṣé owó ti lọ nìyẹn?

Ọmọ_Elélùbọ́
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Màámi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, fóònù wọn wá kún débi pé kò ya fọ́tò mọ́, ni àbúrò mi ọkùnrin bá ní òun á bá wọn tún un ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ áàpù dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yọ ti báǹkì mọ́ ọn. Láàárọ̀ yìí tí wọ́n fẹ́ sanwó fún ẹni tó kó ẹrù wá láti Ṣakí, wọ́n wá a títí wọn ò rí i, wọ́n bá jókòó sórí àpò èlùbọ́, wọ́n káwọ́ lérí. Owó tó wà níbẹ̀ lé ní ₦300,000. Wọ́n ní ṣebí inú fóònù ni owó wà. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé owó ò lè bá a lọ ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa yé wọn, torí èmi gan-an ò mọ ibi tí áàpù ń gbé. Ṣé inú fóònù ni àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì? Kí ló dé tí ti báǹkì kì í ṣiṣẹ́ bí dátà bá tán, tí èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó sì ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀?

Bọ̀dá_Fóònù
Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n dìde lórí àpò, owó wọn wà digbí. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Queen Cinema, ojoojúmọ́ ni mo ń rí irú ẹ̀.

Ẹ bi wọ́n, ṣé wọ́n ti dá àjọ rí? Alájọ máa ń fún èèyàn ní káàdì, bó bá ti gbowó á sàmì sí i, ṣùgbọ́n alájọ náà ní ìwé ńlá tiẹ̀ nílé. Bí òjò bá pa káàdì yẹn, owó ò bá òjò lọ. Áàpù báǹkì, káàdì àjọ ni. Ìwé ńlá wà lọ́dọ̀ báǹkì, nínú kọ̀ǹpútà kan báyìí tí wọ́n ń pè ní server. Gbogbo ìgbà tí màmá bá ṣí áàpù yẹn, ṣe ni fóònù ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá server pé lágbájá ti dé o, ẹ̀rí ẹ̀ rèé, èló ló kù fún un, server á dáhùn, áàpù á wá kọ èsì yẹn sójú fóònù. Bí ò bá sí dátà, kò sí bó ṣe máa débẹ̀ lọ béèrè. Èyí tí wọ́n fi ń ṣírò, kó ṣáà fi 4,500 sọ ọ̀nà 12 ni, fóònù fúnra ẹ̀ ló ń rò ó, kò níí bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ lọ sí Play Store kẹ́ ẹ tún áàpù yẹn gbà wálẹ̀, kí síìmù tí wọ́n fi ṣe báǹkì wà nínú fóònù. Á bi wọ́n ní ìbéèrè tó pọ̀ ju tàná lọ, ó lè ní kí wọ́n gbé ojú wọn síwájú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé, báǹkì ti fi àmì kan pamọ́ sínú áàpù yẹn tó fi ń dá fóònù yẹn mọ̀, ìgbà tí àbúrò yín yọ áàpù, àmì náà bá a lọ, báǹkì wá ń wo fóònù yẹn bí àlejò. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n má kà á sétí ẹnikẹ́ni o, ẹni yòówù tó bá pè kó ní báǹkì ni òun. Ẹ má sì tẹ link tí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé áàpù báǹkì nìyí.

Ìyá_Ṣadé
Kí ọkàn wọn tiẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ ná, kí wọ́n tẹ USSD báǹkì wọn, èyí tó ní ìràwọ̀ níwájú tó ní # lẹ́yìn. Ìyẹn ò fẹ́ dátà, ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpè ló ń gbà, wọ́n á rí iye tó wà níbẹ̀.

Àrẹ̀mú_Òṣogbo
Òótọ́ ni bọ̀dá sọ nípa báǹkì o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo áàpù ló ní ìwé ńlá níbòmíràn, ohun tó ń dun èèyàn lẹ́yìn ọ̀la nìyẹn. Ọ̀rọ̀ WhatsApp wa, inú fóònù wa ló wà. Server wọn kì í tọ́jú iṣẹ́ tó bá ti dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi í rán sí, èyí tí ò tíì dé ló ń dá dúró, kò sì ní kọjá 30 ọjọ́. Bí èèyàn ò bá tan backup, ìyẹn ẹ̀dà tí fóònù ń fi pamọ́ síbòmíràn, tó bá ti yọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ohùn bàbá mi wà lórí WhatsApp mi, wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, wọ́n á kì mí kí n tó jáde nílé. Ọdún kejì tí wọ́n kú ni mo yọ WhatsApp pé mo fẹ́ gbà á lọ́tun, mi ò mọ̀ pé backup ò sí. Mo ṣì ń rántí oríkì yẹn, ohùn ni mi ò ní mọ́.

Ẹ bi àbúrò yín, kí ni nǹkan mìíràn tó yọ?

Ọmọ_Elélùbọ́
Háà. Ẹ kú ìbéèrè yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ni. Ó yọ áàpù ìwé kékeré kan tí màámi ń kọ gbèsè sí. Ẹni tó gbé kóńgò mẹ́ta lọ, ẹni tó san ààbọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọn ò fi email kankan wọ inú ẹ̀ rí, wọ́n kàn ń ṣí i wọ́n ń kọ̀wé ni. Ṣé kò sí ọ̀nà?

Bọ̀dá_Fóònù
Ìyẹn le ju ti báǹkì lọ. Àmọ́ ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Láti Android 6 tó jáde lọ́dún 2015, fóònù lè máa dá kó ẹrù inú áàpù lọ sí Google Drive, ìyẹn yàrá ìpamọ́ Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó 25MB fún áàpù kan, bí ẹni tó ṣe áàpù náà ò bá ní kó má ṣe é. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Google, ẹ tẹ Backup, ẹ wò ó bóyá ó wà ní títàn, ẹ wo ọjọ́ tó ṣe é kẹ́yìn. Kì í fẹ́ lo dátà orí síìmù ṣá o, WiFi ló ń dúró dè, àti kí fóònù wà lórí iná kí ẹnikẹ́ni má lò ó, ìdí tí ti ọ̀pọ̀ wa kì í fi í ṣe é nìyẹn. Bí ẹ bá rí ọjọ́ níbẹ̀, ẹ tún áàpù yẹn gan-an gbà wálẹ̀, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́, pẹ̀lú Gmail kan náà tó wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò, bí fóònù bá kún, cache ni kó kọ́kọ́ nù. Cache dà bí èlùbọ́ tí màmá bù síwájú ìsọ̀ kí wọ́n má baà máa sáré wọ yàrá ẹrù ní gbogbo ìgbà, bí ẹ bá kó o kúrò, èyí tó wà ní yàrá ṣì wà. Èyí tí wọ́n kọ Clear data tàbí Clear storage sí ni kó má fọwọ́ kàn, yàrá ẹrù gan-an nìyẹn.

Ọmọ_Elélùbọ́
Mo ti padà dé o. Báǹkì ti ṣí, wọ́n ní kí màámi wo kámẹ́rà kí wọ́n sì ṣẹ́jú, owó pé. Oníṣakí ti gba owó ẹ̀.

Ti ìwé gbèsè, backup wà níbẹ̀! Ọjọ́ Iléyá ló ṣe é kẹ́yìn, ilé ẹ̀gbọ́n wọn ní Èkó la wà nígbà yẹn, WiFi wà níbẹ̀, wọ́n sì ki fóònù bọ iná mọ́jú. Gbogbo gbèsè tó ṣáájú Iléyá ló padà wá. Àwọn tó gbẹ̀yìn ẹ̀, màámi ń kà á látorí, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé gidi, a ti dé orí ẹni kọkànlá, àbúrò mi ló ń di bírò mú báyìí.