Àwòṣe ojú irin mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé, ó daṣẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàtẹ

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ àwòṣe ojú irin, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ àwòṣe kan ní ìwọ̀n HO, èyí tí ohun gbogbo inú rẹ̀ kéré sí ti gidi ní ìlọ́po 87, tí àyè àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Pákó mẹ́rin ni mo tò pọ̀ tí gígùn wọn fi di mítà 4.8. Ibùdókọ̀ kékeré kan wà ní apá òsì, òkè kan tí ọkọ̀ ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá wà láàárín, ó nà dé pákó kẹrin, ilé ìkẹ́rù sì wà ní apá ọ̀tún. Nínú yàrá tí mo ti kọ́ ọ, ọkọ̀ lè máa lọ kó máa bọ̀ fún wákàtí méjì láì kọsẹ̀ rárá.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n pè mí síbi ìpàtẹ kan. Mo tú àwọn pákó náà, mo dì wọ́n sínú ọkọ̀, mo sì tún wọn tò nínú gbọ̀ngàn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Níbi tí pákó kejì ti pàdé ìkẹta, ọkọ̀ ń yẹ̀ kúrò lórí irin ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìrìn mẹ́ta. Ní pákó kẹrin, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń dúró lójijì, bí mo bá sì fi ìka tẹ irin, á tún gbéra. Ọmọ kékeré kan gbé àgbọ̀n lé etí pákó, ó tẹjú mọ́ ẹnu ihò òkè náà, ó ń retí ọkọ̀ tó ti wọlé tí kò jáde, títí ìyá rẹ̀ fi fà á lọ́wọ́ lọ. Ó dùn mí dé egungun.

Bóòtù méjì méjì ni mo fi so àwọn pákó náà pọ̀, ojú lásán ni mo sì fi ń díwọ̀n bóyá irin ṣe déédéé. Ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀ ká kí n tún un kọ́ ni? Mo ti gbà láti gbé e lọ síbi ìpàtẹ mìíràn ní oṣù márùn-ún sí àkókò yìí.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ọkàn líle. Ẹ má ṣe tú u ká. Ohun tó ṣe yín ti ṣe ọ̀pọ̀ wa, ojú ìpàdé àwọn pákó ló sì ti wá.

Iṣẹ́ bóòtù ni kó fa pákó méjì mọ́ra, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ibi tí wọ́n máa dúró sí hàn wọ́n. Ihò tí bóòtù ń gbà kọjá máa ń fẹ̀ ju bóòtù fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀, àyè díẹ̀ yẹn náà sì ni pákó fi ń sún sókè, sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdajì mìlímítà kò jọ nǹkan kan lójú wa, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n HO, bí ẹni pé irin gidi fi mìlímítà 43 yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, etí tó yọ sísàlẹ̀ lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kó bọ́ kúrò lórí irin, kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ.

Èèkàn idẹ akọ àti abo ni oògùn rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń gbẹ́ àpẹẹrẹ onígi fún iṣẹ́ irin dídà máa ń lò. Ẹ to pákó méjèèjì pọ̀ kí irin wọn bára mu régé, ẹ fi ìdè agbẹ́gi fún wọn pọ̀ pinpin, kí ẹ tó wá lu ihò kan ṣoṣo já orí pákó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá lu ti ọ̀tún lọ́tọ̀, tí ẹ lu ti òsì lọ́tọ̀, asán ni gbogbo rẹ̀. Èèkàn méjì tó fún ìpàdé kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n jìnnà síra bí fífẹ̀ pákó bá ṣe gbà. Lẹ́yìn èyí, bóòtù kò ní iṣẹ́ mìíràn ju fífà mọ́ra lọ.

Ó wá kan irin fúnra rẹ̀. Ẹ yọ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kúrò lára irin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ojú ìpàdé, ẹ de súkúrù idẹ mọ́ etí pákó méjèèjì lábẹ́ ibi tí irin máa gbà, kí orí wọn ga dé abẹ́ irin gẹ́lẹ́. Ẹ wá fi irin tuntun kan ṣoṣo dábùú ojú ìpàdé náà, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ orí súkúrù, ìgbà tó bá tutù tán ni kí ẹ tó fi ayùn tín-ín-rín gé e ní ojú ìlà. Èmi fúnra mi ti gé e kí n tó jó o rí. Irin náà yí díẹ̀ nígbà tó gbóná, mi ò sì rí i tún ṣe títí mo fi yọ ọ́ dànù.

Ẹ wo abẹ́ pákó yín pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ òkè nìkan ni ẹ kùn ní ọ̀dà, ìsàlẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin inú gbọ̀ngàn mu, pákó á sì ká kò bí ewé gbígbẹ. Ojú méjèèjì àti gbogbo etí rẹ̀ ni kí ẹ kùn. Irin náà ń gùn sí i bí ooru bá mú: bí ooru bá fi dígírì 10 Celsius lé sí i, mítà kan irin onínẹ́kẹ̀lì tí a sábà ń lò á fi nǹkan bíi mìlímítà 0.16 gùn sí i. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí irin ti pàdé irin lórí pákó kan náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú ìpàdé pákó, torí pé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in.

Ìdáhùn kejì

Àgbà tó ṣáájú mi ti sọ ti yíyẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti dídúró. Ẹ́ńjìnnì tó dúró, tó sì gbéra nígbà tí ẹ fi ìka tẹ irin, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ bi yín: wáyà mélòó ló gòkè láti abẹ́ pákó kẹrin wá sí ara irin?

Olùbéèrè

Mo yí pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lálẹ́ àná, mo sì kà wọ́n. Méjì péré ni, ọ̀kan fún irin kọ̀ọ̀kan, ní ìpẹ̀kun ọ̀tún. Irin tó kù, ara wọn ni wọ́n ti ń gba iná nípasẹ̀ àwọn ìdè irin kéékèèké tó so wọ́n pọ̀. Ètò DCC ni mo ń lò, èyí tó ń fi àṣẹ oní-nọ́ńbà tó ń gba ara irin darí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn kejì

Ẹ ti rí i. Ìdè wọ̀nyẹn wà láti to irin dọ́gba, wọn kì í ṣe ojú ọ̀nà iná tí a lè gbọ́kàn lé. Bí wọ́n ṣe ń mì nínú ọkọ̀ tí ẹ fi kó wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣí díẹ̀díẹ̀, bí àtè tàbí ọ̀dà bá sì ti rá wọnú wọn, iná á máa wá, á máa lọ. Ẹ ta wáyà méjì tó nípọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lábẹ́ gbogbo pákó, kí ẹ sì fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara wọn lọ sára irin kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí irin náà kúrú tó. Kí àwọ̀ wáyà méjèèjì yàtọ̀ síra, kí èyí tó wà fún irin iwájú má sì yí padà láéláé. Láàárín pákó sí pákó, ẹ lo púlọ́ọ̀gì akọ àti abo tí kò ṣeé kì bọ̀ lódì.

Ní ti DCC, tí NMRA, ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń ṣe àwòṣe ojú irin dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, ṣe òfin ìwọ̀n rẹ̀, àyẹ̀wò kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ mú owó ẹyọ onírin kan, ẹ fi dábùú irin méjèèjì ní ìpẹ̀kun pákó kẹrin. Ẹ̀rọ tó ń fún irin níná gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì padà nígbà tí ẹ bá mú owó náà kúrò. Bí kò bá pa, a jẹ́ pé wáyà yín tín-ín-rín jù tàbí pé ojú ìsopọ̀ kan kò dára, iná tó yẹ kó pa ẹ̀rọ ló ń mú wáyà yẹn gbóná. Ẹ ṣe é ní ìpẹ̀kun irin kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ti inú ihò òkè.

Ìdáhùn kẹta

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó gbé àgbọ̀n lé etí pákó yẹn ló mú mi dá sí i. Èmi gbà pé ọ̀tọ̀ ni àwòṣe inú ilé, ọ̀tọ̀ ni ti ìpàtẹ. Miniatur Wunderland, àwòṣe ojú irin ńlá tó wà ní Hamburg, tó ṣílẹ̀kùn ní 2001, gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló wà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń tú tiẹ̀ kó, tó ń tún un tò, ọ̀dọ̀ àwọn FREMO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń to pákó àwòṣe ojú irin wọn pọ̀ mọ́ ti ara wọn, ló yẹ kó ti kọ́gbọ́n. Láti 1981 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, wọ́n fi òfin de bí orí pákó kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí, débi pé pákó ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lè bá tiyín mu.

Ẹ rọra sá eré. Ọkọ̀ gidi tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ní ìwọ̀n HO, á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kó tó la pákó mítà 1.2 kan já. Ẹ fi aago wò ó nílé, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ìlọ́po méjì rẹ̀ lẹ ti ń sá. Ọkọ̀ tó ń rọra lọ ni ènìyàn ń dúró wò, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tètè fi ìdọ̀tí orí irin hàn, nítorí náà kí aṣọ mímọ́ àti isopropyl, ọtí tí a fi ń nu ìdọ̀tí, wà nítòsí láti máa nu irin àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì kejì àti ìkẹta dání, kí èyí tó bá gbóná lè sinmi.

Ẹ ṣí ẹ̀yìn òkè náà sílẹ̀ kí ọwọ́ yín lè wọnú ihò rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kò tó ni ọkọ̀ sábà máa ń yẹ̀ sí. Ní ti gíga, mítà kan lé díẹ̀ dára, kí ojú àgbàlagbà má baà máa wo òrùlé nìkan, kí ọmọdé sì rí nǹkan wò. Ẹ de bóòtù mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè yí i sókè tàbí sísàlẹ̀, torí pé ilẹ̀ gbọ̀ngàn kì í sábà tẹ́jú.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ sì tún un tò lẹ́ẹ̀mẹta ní ibòmíràn yàtọ̀ sí yàrá yẹn kí ọjọ́ ìpàtẹ tó pé.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Èèkàn idẹ ti wọ ojú ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tò ó sí ìta láàárọ̀ yìí fún ìgbà kejì, ọkọ̀ sì kọjá láti pákó kejì sí ìkẹta ní ogójì ìgbà láì yẹ̀. Owó ẹyọ pa ẹ̀rọ lórí pákó mẹ́ta àkọ́kọ́. Lórí ìkẹrin, kò pa á nínú ihò òkè nìkan, wáyà tuntun ni mo sì ń jó mọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́.