Ta ló lè gba ẹ̀gbọ́n mi níyànjú kó sinmi?

Ẹ kú ilé o. Jẹjẹrẹ ọmú Màmá wa ti wọ egungun. Mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń mu ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ń dín ìrora kù. Kì í jẹ́ kéèyàn yàgbẹ́ dáadáa, àmọ́ dókítà ti fi oògùn ìyàgbẹ́ kún un.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tọ́jú wọn lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kì í sùn, ó ti pa ọjà rẹ̀ tì, kò sì gbà kí ẹlòmíì fọwọ́ kan Màmá. Tí mo bá ní kó sinmi, ẹkún ni.

Báwo lẹ ṣe pín irú iṣẹ́ yìí láàárín ẹbí, tí kò fi ní rò pé a fẹ́ lé òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá? Ìbàdàn la wà. Ṣé àwọn elétò ìtura (àwọn tó ń mú kára tu ẹni tí àìsàn rẹ̀ le) ní ilé ìwòsàn UCH máa ń bá olùtọ́jú náà sọ̀rọ̀?