Kí ni kí n fi àárò rẹ̀ wé?

Àpèkẹ́ Òkè-Fìà: Ẹ̀yin àgbà, olólùfẹ́ mi ti wà ní Kánò láti oṣù kẹta. Mo kọ ewì ránṣẹ́: "Ìwọ lòṣùpá mi." Ó ní gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Bàbá Ewì: Àbúrò, òṣùpá ti gbó. Lọ dúró sétí odò Ọ̀ṣun nígbà òjò. Omi a pọ́n, a kún, a sì máa sáré lọ sọ́nà ọ̀sà láìwẹ̀yìn. Òun lomi. Ìwọ ni bèbè tí omi ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Àdàbà ńkọ́? Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa ń ké nídàájí bí ẹni ń pe ẹni tí kò dáhùn. (Ọkọ mi ní oúnjẹ ló ń wá.)

Àpèkẹ́ Òkè-Fìà: Ẹ ṣé, mà. Bèbè ni mo mú.