Oúnjẹ apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí mo jẹ ní Savannah, ní ìpínlẹ̀ Georgia

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ohun tí ẹ̀ ń sọ lórí oúnjẹ apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì jọ pé àwọn tó ní kò dùn, pé ọ̀rá ti pọ̀ jù níbẹ̀, ló pọ̀ jù nínú wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí èmi yó débi pé mo tú ìgbànú.

Bọ̀dá mi tó ń gbé ní Atlanta àti ìyàwó wọn ló fi mọ́tò gbé mi lọ sí Savannah. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni gbogbo ìrìn náà. Ọ̀nà márosẹ̀ I-16 yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, igi páìnì lọ́tùn-ún lósì, kò sí ohun tí ojú ń wò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi láti ilé pé n ò gbọdọ̀ jẹ ìjẹkújẹ lọ́nà. Ilé oúnjẹ Mrs. Wilkes Dining Room ni wọ́n ní lọ́kàn, ní òpópónà Jones. Ilé tí àwọn ayálégbé ń sùn sí, tí wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀, ni tẹ́lẹ̀. Sema Wilkes gbà á ní 1943, ó ń se oúnjẹ fún wọn, àwọn ará ìta sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá jẹ níbẹ̀ títí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Màmá yẹn ti kú ní 2002, àmọ́ ìkòkò ò kúrò lórí iná. Obama náà jẹun níbẹ̀ ní 2010, nígbà tó ṣì wà lórí oyè.

Ìlà tí a bá níta kì í ṣe kékeré. Aago mọ́kànlá ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, èrò sì ti tò lọ gbọọrọ kí ó tó lù. Oòrùn Georgia lóṣù keje, ẹ má fi ṣeré o, aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lára bí ẹni tó jábọ́ sódò. Bọ̀dá mi ń ráhùn. Òórùn adìẹ díndín ń bọ̀ láti inú ilé, n ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́.

Tí wọ́n bá pè yín wọlé, ẹ ò ní jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èèyàn mẹ́wàá sí tábìlì kan, ẹ mọra o, ẹ ò mọra o. Kò sí pé ẹ ń yan oúnjẹ. Àwo ti kún orí tábìlì kí ẹ tó fìdí kanlẹ̀: adìẹ díndín, ẹran màlúù ọlọ́bẹ̀, ìrẹsì, ẹ̀wà olójú dúdú, ilá tí wọ́n fi tòmátì sè, makaróní oníṣíìsì, ewébẹ̀ collard, ànàmọ́ tí wọ́n da ṣúgà sí, búrẹ́dì àgbàdo. N ò ka ìdajì. Ẹ bu tiyín, ẹ gbé àwo fún ẹni tó kàn.

Adìẹ yẹn lẹ jẹ́ kí n dúró lé lórí. Èèpo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò nípọn bíi ti àwọn ilé adìẹ olórúkọ ńlá, eyín kàn án báyìí, ó ró, omi ẹran tú jáde. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́, gbogbo tábìlì náà sì ń fi ọwọ́ jẹ ẹ́.

Màmá àgbàlagbà kan, aláwọ̀ dúdú, ọmọ Georgia níbẹ̀, ló jókòó lápá ọ̀tún mi. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, wọ́n ti àwo ilá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, èyí tìẹ ni, ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n.” Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ tiwọn ò yọ̀ rárá, gígùn ni wọ́n gé e, tòmátì sì ti pa yíyọ̀ náà. Ẹ̀wà yẹn ni mo jẹ jù. Ẹ̀wà tí à ń rà ní Bódìjà gan-an ni, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò sí epo, kò sí ata. Màmá ní lọ́jọ́ kìíní ọdún, àwọn kì í ṣàì fi ìrẹsì jẹ ẹ́, Hoppin' John ni wọ́n ń pè é: ẹ̀wà dúró fún owó ẹyọ, ewébẹ̀ dúró fún owó bébà.

Mo ní, “Mà, ṣé owó náà ń wọlé?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ebi ò tíì pa mí rí ṣá.”

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fetí sí mi. Káàkiri Gúúsù yẹn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan ló sábà máa ń mú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà wọn dùn. Mùsùlùmí ni ìyàwó bọ̀dá mi. Wọ́n béèrè kí wọ́n tó bu ohunkóhun, wọ́n sì fo méjèèjì.

Tíì oníṣúgà tí wọ́n ń da yìnyín sí, n ò lè mu tán. Ata inú ìgò wọn náà, ọtí kíkan ló pọ̀ níbẹ̀.

Lálẹ́, níbòmíràn, a jẹ ìrẹsì pupa, èyí tí wọ́n fi tòmátì sè. Bọ̀dá mi ní jọ̀lọ́ọ̀fù wa ni wọ́n jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè gba ìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí oko ìrẹsì etíkun yẹn, Senegambia, Sierra Leone àti Angola ni wọ́n ti kó wọn, ìran wọn ló ń jẹ́ Gullah Geechee lónìí. Senegal sì ni jọ̀lọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa náà, a yá a ni.

Ẹ má lọ sí Mrs. Wilkes ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè, wọn kì í ṣí. Kí ẹ sì mọ̀ pé tí ẹ bá jẹun tán, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé àwo yín lọ sí ilé ìdáná. Bọ̀dá mi, tí wọn kì í gbé àwo nílé, gbé e. Ìyàwó wọn ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí kí a tó dé ìdí mọ́tò.