Kì í ṣe líle ni a ń wá: lórí ọ̀rọ̀ "amúṣéènìle"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ kan bi wá léèrè ohun tí à bá máa pe irin tàbí ike kékeré tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń fi sára ṣéènì rọ́bọ́ọ̀tì wọn, kó má baà dẹ̀ jù. "Amúṣéènìle" ni ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí. Mo mọ ìdí rẹ̀: ó yéni lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣi ohun èlò náà lórúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.

Houston ni mò ń gbé. Mo máa ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan ṣiṣẹ́ lórí rọ́bọ́ọ̀tì fún ìdíje FIRST, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1992 nínú ilé-ìwé kan ní Manchester, ìpínlẹ̀ New Hampshire, pẹ̀lú ẹgbẹ́ 28. Bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni ìfagagbága kọ̀ọ̀kan. Bí ṣéènì bá yọ láàárín rẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì á dúró gbagidi lójú agbo títí àkókò á fi tán, àwọn ọmọ tó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe é á sì máa wò ó.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ṣéènì apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí eyín wíìlì tó gbé e, nígbà tó yá ó yọ. Kò sí àyè láti tú ohunkóhun palẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wọn mú pátákó ike tí wọ́n fi ń gé ẹran nílé ìdáná, ó gé ègé kan níbẹ̀, ó lu ihò gbọọrọ méjì sí i, ó fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ férémù kí etí rẹ̀ lè máa ti ṣéènì láti ìsàlẹ̀. Ike yẹn ń yọ̀, ṣéènì kàn ń gẹṣin lórí rẹ̀ ni. A fi í parí ìdíje ọjọ́ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyí. Nígbà tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ dè é, ó tì í débi pé ṣéènì le bí okùn tí wọ́n fi ń so màlúù. Mọ́tò tó ń yí ṣéènì náà ń kérora, ó ń gbóná. Ó ní láti tú bọ́ọ̀tì, kó dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀, kó tó lọ dáadáa. Ṣéènì tó le ń jẹ ara rẹ̀, ó ń jẹ béárìn, ó sì ń jẹ agbára mọ́tò. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un: tí àárín wíìlì eléyín méjèèjì bá jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, ó yẹ kí ṣéènì lè mì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Ohun èlò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ìdẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, báwo la ṣe máa pè é ní amúǹkanle?

Ẹnì kan tún kọ̀wé pé ṣéènì máa ń "nà" bíi rọ́bà, ìdí nìyẹn tó fi ń dẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin rẹ̀ kì í nà. Oríkèé rẹ̀ ló ń jẹ. Nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, píìnì kékeré kan ń yí nínú ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí láti ìgbà tí Hans Renold ti ṣe irú ṣéènì yìí ní 1880. Lára ṣéènì nọ́ńbà 25 tí àwọn ọmọ wa ń lò, 6.35 mílímítà ló wà láàárín píìnì kan àti èkejì, nítorí náà oríkèé bíi 157 ló wà nínú mítà kan. Tí oríkèé kọ̀ọ̀kan bá jẹ ní mílímítà 0.05 péré, mítà yẹn á gùn sí i ní bíi mílímítà 8. Àwọn mẹkáníìkì wa tó ń sọ pé táyà "ti jẹ" ti ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. "Ṣéènì ti jẹ" ni ká máa kọ.

Mo gbádùn àbá ẹni tó ní ká yá "ọsán" lára dùndún. Àmọ́ ọsán ni awọ tí wọ́n ń fún. Apá onílù ló ń ṣe iṣẹ́, ọsán ló ń gba iṣẹ́. Ṣéènì ni ọsán jọ; bí a bá yá a, ṣe ni a ó fi orúkọ tó bá ṣéènì mu pe ohun tó ń tọ́jú ṣéènì.

Àbá tèmi ni "akódẹ̀": kó, ìdẹ̀. Ìdẹ̀ wà nínú ìdẹ̀ra, ó wà lẹ́nu gbogbo wa. Bí agbálẹ̀ ṣe ń gbá ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni akódẹ̀ ń kó ìdẹ̀ tó pọ̀ jù. Ó lè jọ Akódá létí àwọn onífá, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì àti ohùn ìparí wọn yàtọ̀.

Ohun tó mú kí "kó" wù mí jù ni pé ìdẹ̀ yìí kì í jókòó sójú kan. Bí rọ́bọ́ọ̀tì bá ń lọ síwájú, apá kan ṣéènì á le, èkejì á dẹ̀. Bó bá yíjú tó ń padà sẹ́yìn, ìdẹ̀ á ṣí lọ sí apá kejì. Akódẹ̀ onísípíríǹgì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo máa ń jáni kulẹ̀ níbẹ̀, nítorí apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le á tì í dà nù. Àwọn ọmọ kan máa ń fi òrùka ike ńlá sáàárín apá méjèèjì, láìdè é mọ́ ohunkóhun. Apá òkè ń lọ síwájú, tìsàlẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, òrùka náà á máa yí lójú kan, á sì máa kó ìdẹ̀ ibi yòówù kó wà. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ti ọ̀kadà yàtọ̀. Níbẹ̀, gbogbo táyà ẹ̀yìn ni wọ́n ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì tì í pa. "Ajọ́sítà" ni àwọn mẹkáníìkì ń pe bọ́ọ̀tì tó ń ṣe èyí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kó ohunkóhun, ó kàn ń yí àyè padà ni. Èyí tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní pajáwìrì, mo dábàá "akódẹ̀ àdọ́gbọ́nṣe". Ẹ má pè é ní ayédèrú bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́. Kò sí irọ́ kankan nínú ike ìgéran yẹn.

Apá ṣéènì tó ń dẹ̀ àti èyí tó ń fa ẹrù ni mi ò tíì rí orúkọ fún. Ẹni tó bá súnmọ́ àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Ìbàdàn tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ bá mi bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pè wọ́n.