Kí ló ń fi aṣẹ́wó Yoshiwara hàn nínú àwòrán Japan àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú àwòrán Japan tí wọ́n fi pákó tẹ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ aṣẹ́wó yàtọ̀ sí geisha, obìnrin tó ń fi orin àti ijó dá àlejò lára yá, tàbí ìyàwó ilé? Ojú gbogbo wọn jọra.

Ìdáhùn 1: Ẹ gbójú kúrò lójú wọn. Ọ̀já ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: aṣẹ́wó Yoshiwara, àdúgbò aṣẹ́wó tí ìjọba fọwọ́ sí ní Edo tó di Tokyo lónìí, máa ń so tirẹ̀ síwájú, kókó rẹ̀ á sì tóbi gan-an. Ẹ̀yìn ni geisha máa ń so ó sí. Ẹ wá wo orí: òòyà méjì tàbí mẹ́ta, ìkótí gígùn yọ sọ́tùn-ún sósì. Kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú bàtà onígi gíga rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú òtútù. Bí ọmọbìnrin kéékèèké méjì tó wọ ankoo bá ń tẹ̀ lé e, kamuro ni wọ́n, ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹni ńlá ni obìnrin náà nìyẹn.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀já nìkan kò tó. Àwọn ìyàwó ilé kan náà máa ń so ó síwájú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́: orúkọ ilé aṣẹ́wó, lẹ́yìn náà orúkọ obìnrin, bíi Hanaōgi ti ilé Ōgiya. Ẹ ṣọ́ra o, orúkọ àjogúnbá ni. Hanaōgi ju ẹnì kan lọ. Ní 1793 ìjọba fòfin de kíkọ orúkọ obìnrin tí kì í ṣe aṣẹ́wó sára àwòrán, ni ayàwòrán Utamaro bá ń fi àwòrán nǹkan kéékèèké pa orúkọ náà lálọ̀ọ́. Wọ́n fòfin de ìyẹn náà ní 1796.

Ìdáhùn 3: Ní ti ojú tó jọra, ìpolówó ọjà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ayàwòrán Koryūsai bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ kan ní àwọn ọdún 1770, tó lé ní 100 àwòrán, aṣọ tuntun ni wọ́n ń fi àwọn aṣẹ́wó polówó níbẹ̀. Gbèsè tó de àwọn obìnrin náà mọ́lẹ̀ kì í hàn. Utamaro nìkan ló máa ń sún mọ́ wọn díẹ̀, lójú tèmi: nínú ọ̀wọ́ wákàtí méjìlá Yoshiwara, ní nǹkan bí 1794, obìnrin kan jí lóru, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó mú bébà lílọ́ tó ń jó lọ́wọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá bàtà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Aṣọ ti inú èyí tí mò ń wò dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn 2: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ elésè àlùkò nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń pa àró tí wọ́n fi òdòdó ṣe, búlúù rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ wá ẹ̀dà mìíràn tí wọn kò gbé kọ́ sára ògiri, kí ẹ fi wé e.